Omi Ni Kí Ẹ Wá, Kì Í Ṣe Lọ́fínńdà: Nígbà Tí Éésì Mọ́tò Bá Ń Rùn

Ohun tí ó bá ń da ìdílé láàmú ni a máa ń gbé yẹ̀ wò ní abala yìí, ìbáà ṣe kékeré, ìbáà ṣe ńlá. Ti oṣù yìí, inú mọ́tò ni ó ti wá.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ilé ti múra tán, àwọn ọmọ ti jókòó sẹ́yìn. Bàbá ṣíná sí mọ́tò, ó tẹ éésì. Kí afẹ́fẹ́ tútù tó jáde, òórùn ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ó dà bí òórùn aṣọ tí a fọ̀ ní ìgbà òjò tí a sì ká pamọ́ kí ó tó gbẹ. Ọmọ kan á di imú, èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ní ilé tí ikọ́ fée bá wà, ìyá á ti máa wá oògùn fífà nínú àpò.

Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe? A ó ra lọ́fínńdà, a ó gbé e kọ́ síwájú awakọ̀. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí òórùn méjì yóò fi máa bá ara wọn jà nínú mọ́tò kan ṣoṣo. Nígbà tí ó bá sú wa, a ó gbé mọ́tò lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, a ó ní kí ó bá wa rọ gáàsì sí i. Owó á lọ, òtútù lè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òórùn kò ní kúrò. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ní oṣù yìí kò ju ẹyọ kan lọ: òórùn bíbu inú éésì, ọ̀rọ̀ omi ni. Ẹni tí ó bá rí ibi tí omi dúró sí, ó ti rí ibi tí òórùn ti ń wá.

IBI TÍ OMI NÁÀ TI Ń WÁ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ní ọdún 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà nínú ìṣòro. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù fún omi, bébà wọn á fẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ, bébà á sún kì. Nítorí náà àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn kì í bọ́ sí ojú kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Willis Carrier ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ilé náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: omi ni ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ wá lé. Òtútù tí gbogbo wa fẹ́ràn lónìí, bí èénì ni.

Ilé-iṣẹ́ Packard, ní Amẹ́ríkà kan náà, ni ó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò tí éésì bá a jáde láti ilé-iṣẹ́, ní ọdún 1939. Inú búùtù ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá náà sí. Bí awakọ̀ bá fẹ́ pa á, àfi kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi ọwọ́ yọ bẹ́líìtì rẹ̀. Lónìí, ìka kan ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ kò yí padà.

Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, irin kan wà tí a fi páìpù àti pẹlẹbẹ tín-ín-rín púpọ̀ ṣe. Evaporator ni àwọn oníṣẹ́ éésì ń pè é. Òun ni gáàsì ń mú tutù, òun ni fáànù sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà kọjá kí ó tó dé ojú wa. Ẹ ti rí ìgò omi tútù tí a gbé ka orí tábìlì, bí ó ti ń làágùn? Bẹ́ẹ̀ náà ni irin yìí ń làágùn. Omi rẹ̀ á kán sínú àwo kan lábẹ́ rẹ̀, á sì gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde sí ilẹ̀. Èyí ni omi tí ẹ ń rí lábẹ́ mọ́tò tí éésì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ìgbà tí ẹ kò bá rí i ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ní ilẹ̀ wa, láti Òwòrò dé Yàgbà, ọyẹ́ á kọ́kọ́ dé pẹ̀lú eruku. Eruku náà á wọlé, á lẹ̀ mọ́ irin yìí. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò á máa rọ̀, afẹ́fẹ́ á kún fún omi, irin á làágùn púpọ̀, omi á sì rin eruku inú ẹ̀ẹ̀rùn. A ó pa mọ́tò, a ó tilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ inú oòrùn. Òkùnkùn, omi, eruku àti ooru ti pé síbẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń béèrè, àti ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Àwọn ni wọ́n ń rùn. Nígbà tí a bá tẹ fáànù ní ọjọ́ kejì, èémí wọn ni a kọ́kọ́ ń fà símú.

Ìdí nìyí tí gáàsì rírọ̀ kò fi lè wo òórùn sàn. Inú páìpù tí a dí pa ni gáàsì ń rìn yí ká. Kì í kan afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Kì í sì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Bí oníṣẹ́ bá sọ pé ó ti dínkù, ẹ ní kí ó wá ibi tí ó ti ń jò kí ó tó rọ òmíràn sí i.

ÀYẸ̀WÒ TÍ ẸNIKẸ́NI LÈ ṢE

Kí owó tó jáde lápò, ẹ ṣe àwọn àyẹ̀wò yìí.

Èkíní, ìgbà wo ni òórùn náà ń jáde? Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan éésì nìkan, tí ó sì ń lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, irin lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni. Bí ó bá ń rùn tọ̀sán tòru, bí a kò tilẹ̀ tan nǹkan kan, ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì àti búùtù.

Èkejì, ẹ tan éésì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí mọ́tò dúró sójú kan, ní ìta gbangba. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí omi bá ń kán, ọ̀nà ti là. Bí kò bá sí ẹ̀kán kan, ó ṣeé ṣe kí eruku tàbí ewé ti dí rọ́bà náà. Ẹ má ṣe ṣe àyẹ̀wò yìí nínú ọyẹ́ o, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà náà gbẹ, omi díẹ̀ ni yóò kán bí rọ́bà tilẹ̀ dára.

Ẹ̀kẹta, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ní ibi ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bí rọ́bà bá dí, ibẹ̀ ni omi sábà máa ń yà sí. Òkè kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ kí tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ sì máa rin gbingbin.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí apá tí ń nu òjò wà. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹni tí ń gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò tàbí kajú, àwọn igi tí a sì ní lọ́pọ̀ ní Kogí, yóò bá ewé àti òdòdó jíjẹrà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, eku á ti kọ́ ilé sí i. Bí òórùn bá dà bí ti òkú ẹran, eku ni kí ẹ wá.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ rántí ẹrù tí mọ́tò rù. Ẹni tí ó ra irú, ẹja gbígbẹ tàbí fùfú ní ọjà Kàbà, tí omi rẹ̀ sì dà sí búùtù, kí ó má ṣe dá éésì lẹ́bi.

BÍ A ṢE Ń LÉ E

Ẹ tẹ̀lé e ní ẹsẹẹsẹ. Bí a bá kọ́kọ́ fín oògùn nígbà tí omi ṣì dúró, iṣẹ́ òfo ni.

1. Ẹ kó gbogbo ewé àti ìdọ̀tí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kúrò. Ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì tó fún iṣẹ́ yìí.

2. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ la ojú rọ́bà tí omi ń gbà jáde. Kí ó fẹ́ atẹ́gùn sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàbí kí ó fi wáyà rírọ̀ ro ó. Wáyà líle lè lu ohun tí ó wà nínú.

3. Ẹ wo asẹ́ afẹ́fẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fítà éésì. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹ̀yìn píjìn-hóòlù ni ó wà, ọwọ́ lásán sì lè yọ ọ́. Àwọn mọ́tò àtijọ́ kò ní in rárá. Àwọn mìíràn ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti yọ ọ́ sọnù. Ó sábà máa ń lo ọdún kan, tàbí bí 15,000 sí 20,000 kìlómítà, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà eléruku kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ bá parí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni ó dára jù láti pààrọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Ẹ má ṣe fọ ti bébà pẹ̀lú omi kí ẹ sì dá a padà. Omi ni a ń lé, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ wa gbé e wọlé.

4. Ẹ gbẹ irin náà. Ẹ gbé mọ́tò sí ìta gbangba, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ pa éésì, ẹ yí fáànù dé òpin, kí ẹ sì yí ti ooru dé òpin pẹ̀lú. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn mọ́tò kan wà níhìn-ín tí wọ́n ti tú ti ooru kúrò; fáànù nìkan á ṣe é, kí ẹ kàn fi àkókò kún un. Bí òórùn kò bá tíì pẹ́, ó lè parí síbí, láìná kọ́bọ̀.

5. Bí ó bá ṣì kù, ẹ ra oògùn onífóòmù tí a ṣe fún irin éésì gan-an. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bá a wá, òun ni a ń gbà fín in dé ara irin náà. Ẹ ka ohun tí a kọ sára agolo, kí ẹ sì tẹ̀lé e. Ẹ fún un ní àkókò tí wọ́n dá, kí ìdọ̀tí yọ́ kí ó sì bá omi jáde sí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí fáànù fẹ́ ìyókù dànù. Kí àwọn ọmọ jìnnà sí mọ́tò títí yóò fi parí.

6. Ẹ tú kápẹ́ẹ̀tì tí ó ti rin jáde, kí ẹ sá a pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀ sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dénú. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn wa, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣe da omi búlíìṣì tí a fi ń bó aṣọ funfun sí ibi tí éésì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ó ń jẹ irin náà títí yóò fi lu, èéfín rẹ̀ sì ń ta àyà. Ẹ má ṣe fín oògùn ẹ̀fọn tàbí bẹntiróòlù sí i. Ohunkóhun tí ẹ bá fín síbẹ̀, ọmọ yín ni yóò mí in.

ÀṢÀ TÍ KÒ NÁ WA NÍ KỌ́BỌ̀

Òórùn tí a lé lọ yóò padà bí a kò bá yí ìwà padà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí a má ṣe pa mọ́tò nígbà tí irin éésì ṣì rin. Bí ó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ pa éésì, kí ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́. Bí ẹ bá ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀, nígbà tí ẹ bá ti dé àbáwọlé Kàbà, ó tó àkókò. Kí ẹ tó dé ilé, irin á ti gbẹ. Àwọn mọ́tò tuntun kan wà tí wọ́n ń ṣe èyí fúnra wọn: bí a bá ti pa wọ́n tán, fáànù á tún fẹ́ díẹ̀.

Èkejì ni bọ́tìnnì tí a ya mọ́tò sí pẹ̀lú ọfà tí ó tẹ̀ kọdọrọ nínú rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ìta kò ní wọlé mọ́. Ti inú ni yóò máa yí po. Ó wúlò nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé ńlá bá wà níwájú wa ní ọ̀nà Obajana, tàbí tí a bá wọ ọ̀nà oko eléruku. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé dé Àbújá. Èémí ènìyàn márùn-ún, omi ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé lóòrèkóòrè.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbàgbé éésì nítorí pé ọyẹ́ dé. Ẹ tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí òróró inú rẹ̀ lè dé gbogbo ibi tí ó yẹ.

MỌ́TÒ TÍ OMI TI MU

Òórùn bíbu kan wà tí oògùn kò ràn. A kò lè gbàgbé ọdún 2012 àti ọdún 2022, nígbà tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé kún àkúnya, tí omi bo apá kan ìlú Lọ́kọ́ja àti ọ̀nà Àbújá. Mọ́tò púpọ̀ ni omi mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní òkè òkun: ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey fi omi bo ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, àìmọye mọ́tò sì bá a lọ. Mọ́tò tí omi ti bò lè di fífọ̀, kí a kùn ún, kí a sì tún tà á fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ tàbí mọ́tò tí ẹnìkan ti lò, kí imú yín ṣáájú ojú. Bí lọ́fínńdà inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin. Bí ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ lára rẹ̀, omi ti dé ibẹ̀ rí. Ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà, kí ẹ sì gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Igi gògòrò má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Owó ọdún mẹ́ta lè bá irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wáyà tí omi ti wọ̀ kì í jẹ́ kí onímọ́tò sinmi.

ÒÓRÙN TÍ KÌ Í ṢE ỌMỌDÉ

Gbogbo òórùn kọ́ ni ó jẹ́ ti omi. Bí ó bá ń ta sánsán bí omi ṣúgà, tí gíláàsì iwájú sì ń ní kùrukùru olóròóró, kúláńtì ni ó ń jò lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ó bá dà bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo bátìrì àti páìpù èéfín. Bí ó bá dà bí wáyà tí ń jóná, tàbí bí ẹ bá gbọ́ òórùn bẹntiróòlù, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù, kò ní òórùn rárá. Gáàsì olóró kan wà nínú èéfín mọ́tò tí ń jẹ́ carbon monoxide. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ ọ. Bí páìpù èéfín bá lu, ó lè wọ inú mọ́tò. Ẹni tí ó bá sì ń sùn níbẹ̀ lè má jí mọ́. A mọ̀ pé àwọn òbí kan máa ń tẹ́ ọmọ sínú mọ́tò ní ọgbà ìjọ ní alẹ́ ìṣọ́ òru, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì àti éésì, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á sì wọlé lọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ tẹ́ ẹní fún ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ariwo orin kò pa ọmọ rí. Ẹ má sì ṣe sùn sínú mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì ṣe tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí a tì. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ẹni tí ó wà nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dúró, ẹ bọ́ sí ìta, kí ẹ sì wá ìtọ́jú.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, kí bàbá pe àwọn ọmọ rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n jọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n kó ewé, kí wọ́n wo fítà, kí wọ́n wo abẹ́ mọ́tò bóyá omi ń kán. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ọmọ tí ó bá sì kọ́ ọ lónìí kò ní ra lọ́fínńdà lọ́la láti fi bo ohun tí ó yẹ kí ó gbẹ.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí àlọ yín dára, kí àbọ̀ yín dára, kí ẹ̀mí ó máa wà.